Yèyé Tó Gbá Pápá Alágbàká, Tí Èmi Kò Ṣí Géètì Fún

Yéè! Yèyé mi! Ó wá dìgbà tí mo bá sùn, tí orun sì ṣàánú mi, kí n tó tún rí yín. Ó dìgbà o, Yèyé Eunice Ọládùnní Akínbọ̀dé, ọmọ Oǹdó tí ó fi ìgbálẹ̀ mọ Àkúrẹ́ ju àwọn tó fi ọkọ̀ mọ̀ ọ́n lọ. Abiyamọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kí ẹ̀yìn àwa ọmọ lè nà. Obìnrin tí kì í jókòó títí ilẹ̀ fi máa mọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ti lọ, ilé dá wáí, bàtà rọ́bà yín ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Àbúrò mi Fọlá, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ni ó yẹ kó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló kàwé. Ìwé mẹ́wàá péré ni èmi kà, bí mo bá sì kọ lẹ́tà, mo máa ń fà á ya lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ìkẹta ránṣẹ́. Fọlá ní kí n kọ ojú ewé kan sínú ìwé ètò ìsìnkú, kí n sọ bí Yèyé ṣe tọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyìn tí mo kọ sílẹ̀ ló ń wò mí lójú, tó ń bi mí pé, ìwọ náà ńkọ́? Nítorí náà, ẹ foríjì mí, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ. Ìyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ló wà nínú mi. Bó bá gùn ju ojú ewé kan lọ, kí Fọlá má yọ ọ́ o. Mo bẹ̀ ẹ́.

Yèyé, oko kòkó bàbá yín ní Bọ́lọ́rundúró ni ẹ gbé dàgbà. Ẹ máa ń sọ fún wa pé ẹ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ògiri títí wọ́n fi mú yín wá sí ilé ìwé nílùú Oǹdó. Ẹ ní bí ẹ bá ń sáré lóko nígbà náà, ẹ̀yin ni ó máa ń rẹ̀, ilẹ̀ kì í tán. Ọkọ yín, bàbá wa, ló mú yín wá sí Àkúrẹ́. Ó kú, ó fi àwa méjì sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ sì gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní Alágbàká, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Nígbà tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì di ẹrù wọn lọ sí Adó, ẹ̀yin wà níbẹ̀ tẹ̀yin ti ìgbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà náà, títí dòní ni àwọn ará àdúgbò wa ní ọ̀nà Oda fi ń sọ ọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Wọ́n pín ìpínlẹ̀, wọ́n pín fáìlì, wọ́n pín àga. Ìdọ̀tí nìkan ni wọn ò pín. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n fi ṣe ogún fún wa."

Pápá kan wà ní Alágbàká nígbà náà. Kò ní ọgbà, kò ní orúkọ. Koríko ni, pẹ̀lú igi ńlá mẹ́ta tí òjìji wọn fẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n yàn síbẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ, ẹ ti gbá a, ẹ ti ṣa ọ̀rá omi àti ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó se ẹ̀pà, ẹ ó mú èmi àti Fọlá, a ó rìn láti ọ̀nà Oda títí dé pápá yẹn. Ẹ ó bọ́ bàtà. Ẹ ó ní kí àwa náà bọ́ tiwa. "Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín mọ̀ pé ẹ wà láàyè," bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń wí. Ọmọ ọ̀gá àgbà àti ọmọ agbálẹ̀ jọ ń yí gbirigbiri lórí koríko kan náà, bí èèrà bá sì máa ta wá, gbogbo wa ló ń ta.

N kò gbàgbé ọjọ́ tí ìyáàfin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó dá yín mọ̀, tó ní kí ẹ wá ṣa bisikíìtì tí ọmọ òun dà sílẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ dìde. Ẹ̀pà wà lẹ́nu yín. Ẹ ní, "Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, ma. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń gbálẹ̀ níbí. Lónìí, mo wá jókòó ni." Ìyáàfin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa á fúnra rẹ̀. Orí mi wú lọ́jọ́ náà bí orí ọmọ ọba. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, Yèyé tó sọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ máa rántí, bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Nítorí èmi, ẹsẹ̀ mi kò dúró rí. Mo ṣe kọ́ńdọ́ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, mo fi sílẹ̀. Mo ṣe búlọ́ọ̀kù, mo fi sílẹ̀. Mo lọ sí ilé ìlagi, mo bá ọ̀gá ibẹ̀ jà. Mo ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn, ó sú mi. Mo ti gbé ìyàwó, mo ti bímọ mẹ́ta, mo ṣì ń kiri. Ẹ ó wò mí, ẹ ó ní, "Akínlolú, ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni? Bà síbì kan, jẹ́ kí n rí ọ."

Lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì, wọ́n mọ ògiri yí pápá náà ká. Wọ́n tẹ́ ọ̀nà pẹrẹsẹ sínú rẹ̀ fún ìrìn, wọ́n gbé àga òkúta sábẹ́ igi, wọ́n ri jangirọ́fà mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà pé: Ọgbà Ìgbafẹ́ fún Gbogbo Ará Ìlú. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Ẹ̀yin lẹ jó jù mí lọ. Ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé: "Ẹ gbọ́, ọmọ mi ni ó di kọ́kọ́rọ́ pápá mú!"

Ohun tí ẹ kò mọ̀ nìyí. Nígbà tí ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ bi mí léèrè ìdílé mi, mo ní akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Akọ̀wé. Ẹnu mi kò gbọ̀n. Ìgbálẹ̀ tí ẹ fi rán mi nílé ìwé, mo sọ ọ́ di bírò.

Kò sí owó ìwọlé ní ọgbà náà. Ojú ni wọ́n fi ń gba ènìyàn wọlé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ti kọ́ mi: ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá, ṣí i. Ẹni tó wọ bàtà eré ìdárayá, kí i dáadáa. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú bàtà rọ́bà, tó gbé ọ̀rá lọ́wọ́, má lé e o, pátákó ní ti gbogbo ará ìlú ni. Ṣáà bi í pé, "Ta lẹ ń wá?" Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó. Ta ni ènìyàn ń wá nínú pápá? Atẹ́gùn ló ń wá. Ibi tí yóò jókòó sí ló ń wá. Wọn kì í rí èsì fún mi. Wọ́n á wo bàtà wọn, wọ́n á wo inú ọgbà, wọ́n á yí padà. Mo bi bàbá arúgbó bẹ́ẹ̀. Mo bi ìyá ọlọ́mọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ̀gá ní ojú mi mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi dúró níbi kan.

Àìsàn wá mú apá òsì yín àti ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí ara yá díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa rìn láràárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ má baà gan. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní àdúgbò wa! Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà di kòtò, ibi tí kò gbẹ́, òkúta ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́kadà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín, ó sì tún pariwo mọ́ yín pé, "Màmá, ẹ lọ jókòó sílé jàre!" Ẹ dá a lóhùn pé, "Ìjókòó náà ló fẹ́ pa mí, ọmọ mi." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wọlé. Ẹ ní, "Kí ni mo tilẹ̀ ń wá kiri, nígbà tí ọmọ mi wà lẹ́nu géètì?"

Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀. Ẹ fẹ́ kí inú mi dùn ni. Mo dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kí ìdílé kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá wá ṣe ọjọ́ ìbí. Mo wòkè, mo rí yín. Ìró yín ti ṣá. Bàtà rọ́bà yín, ẹsẹ̀ kan aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ kejì aláwọ̀ ewé. Ọ̀pá ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀rá dúdú tí abọ́ oúnjẹ mi wà nínú rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá. Ẹ ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè.

Ọ̀gá ní, "Ṣé o mọ ìyá yẹn ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "Bi í, kí o ṣe kíá, àwọn àlejò wà níbí."

Èmi ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, mo bọ́ síwájú yín, mo ní, "Ta lẹ ń wá, màmá?"

Yèyé, nínú gbogbo ènìyàn tí mo ti bi ní ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ ní èsì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ọmọ mi. Mo rí i bó ṣe dé ẹnu yín. Ẹ wò mí. Ẹ wo ọ̀gá. Ẹ wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi, mo sì mọ ohun tí ẹ ń rò: ẹyẹ yìí ti bà, n kò gbọdọ̀ lé e. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ ní, "N kò wá ẹnì kankan. Mo ṣìnà ni. Ẹ má bínú. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

Èmi ni ẹ pè ní ọ̀gá. Èmi ni ẹ sọ pé "ẹ" fún. Ìyá tó bí mi.

Ẹ̀rù nìkan kọ́ o. N ó purọ́ bí mo bá ní ẹ̀rù ni. Ojú ló tì mí. Ìyá tó jẹ́ akọ̀wé ni mo ní, bàtà yín kò sì jọ ti akọ̀wé.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé oúnjẹ kan náà fún mi, ẹ ti gbé e kaná. Mo jẹ ẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré. Mo ní, "Yèyé, ní ti àná..." Ẹ ní, "Àná ti lọ. Dìde, má pẹ́ níbi iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń rìn lẹ́yìn ògiri. Etí kòtò ìdọ̀tí tó yí ọgbà náà ká nìkan ló tẹ́jú lágbègbè yẹn, ibẹ̀ ni ẹ sọ di ọ̀nà yín. Ẹ ó wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà Oda, ẹ ó sọ̀ ní Alágbàká, ẹ ó yí ògiri náà po lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàkígbà tí ẹ bá kọjá níwájú géètì, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Èmi náà á ní, "Òo, màmá, ẹ rọra o." Kò ju wákàtí méjì lọ tí mo ti da àyà dé ilẹ̀ fún yín nílé, tí mo ní ẹ káàárọ̀, Yèyé mi. Ní ẹnu géètì, mo dúró ṣánṣán bí òpó. Kí ọmọ Yorùbá dúró bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀! Ọ̀gá tilẹ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá yẹn fẹ́ràn rẹ o. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé." Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, mo rẹ́rìn-ín.

Ó tó oṣù mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó tún un ṣe. Ọjọ́ kan, ọ̀gá rin ìrìn àjò. Inú mi dùn, mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, mo ń retí yín. Nígbà tí ẹ yọ, mo sáré pàdé yín, mo ní, "Yèyé, ẹ wọlé. Kò sí ẹnì kankan. Ẹ wá rìn lórí ọ̀nà tó dára."

Ẹ fara ti ọ̀pá yín. Ẹ wo inú ọgbà náà, ẹ wò ó pẹ́. Ẹ mọ gbogbo igi ibẹ̀. Ẹ wá ní, "Bí mo bá wọlé lónìí tí ọ̀gá rẹ kò sí, lọ́la tó bá dé ńkọ́? Bó bá bi ọ́ pé ta ni ìyá tó wọlé lánàá, kí lo máa sọ?"

Ìbéèrè nìyẹn. Ẹ dúró, ẹ ń retí. Kò jọ pé ẹ ń bínú. Ẹ kàn ń retí ni, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí ẹ bá bi mí pé ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Mo wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ń yí i. Ọkọ̀ méjì kọjá, mo ṣì ń yí i. Ẹ mi orí, ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ẹ sì ń bá ọ̀nà etí kòtò yín lọ.

Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, Yèyé, bóyá n kì bá tí máa kọ èyí lónìí.

Àsìkò òjò dé. Èéhù hù sí etí kòtò náà, ó ń yọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" lákòókò tó yẹ kí n gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ariwo obìnrin tó ń ta àkàrà lẹ́yìn ògiri: "Ìyá kan ti ṣubú o! Ẹ gbà wá!" Ọ̀gá jáde, ó ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n níbí?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, sà."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá rẹ, báwo? Ìyá tó ń kọjá lójoojúmọ́ yìí? Kí ló dé tí o kò sọ? Bó bá jẹ́ pé o sọ pé ìyá rẹ ni, ṣé a ò ní jẹ́ kó máa wọlé ni?"

Bóyá òtítọ́ ló sọ, bóyá ojú àánú ló kàn mú un sọ ọ́, n kò mọ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ó pa mí. Nítorí bó bá jẹ́ òtítọ́, èmi nìkan ni ògiri tó wà láàárín ẹ̀yin àti pápá yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé nítorí ọmọ tó ṣọ́ géètì ni wọn ì bá fi gbà yín wọlé, ta ló máa gba àwọn ìyá tí kò lọ́mọ lẹ́nu géètì wọlé? Àwọn tí mo ti bi pé ta lẹ ń wá, tí wọ́n padà sí ọ̀nà Oda lọ jókòó sínú yàrá, ta ni wọ́n ṣẹ̀?

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ọgbà. Ibẹ̀ ni a gbé yín gbà, kí a lè tètè dé ibi tí ọkọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe wọ pápá yín. Lórí ọwọ́ ènìyàn, ojú yín dì, ẹrẹ̀ kòtò lára ìró yín, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. A gbé yín kọjá lábẹ́ igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kí ẹ tó lọ. Ọjọ́ karùn-ún nìkan ni ẹ sọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo rò pé ẹ ó bá mi wí. Mo ń fẹ́ kí ẹ bá mi wí. Ẹ ní, "Akínlolú, koríko ibẹ̀, ṣé ó ṣì tutù?"

Mo ní, "Ó tutù, Yèyé."

Irọ́ ni mo tún pa. N kò mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ náà, n kò bọ́ bàtà tẹ̀ ẹ́ rí. Wọn kì í gbà wá láyè, àwa tí à ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìtùnú yín. Ẹ ní Yèyé ti dé ẹnubodè ògo. Ẹ dárí jì mí, n kò lè ṣe àmín sí i. Ẹnubodè ń bà mí lẹ́rù. Àdúrà tí mo ní ni pé kó má sí ẹnubodè kankan níbẹ̀, kó jẹ́ ilẹ̀ gbalasa bí oko Bọ́lọ́rundúró, tí ẹsẹ̀ ni yóò rẹ̀, tí ilẹ̀ kò ní tán. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnubodè wà, kí ẹni tó dúró síbẹ̀ má jọ mí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, n ó padà síbi iṣẹ́ náà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, n kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. N kò fẹ́ tan yín jẹ pé mo ti di ènìyàn tuntun. N kò mọ̀ bóyá ẹnu mi á gbọ̀n bí ìyá mìíràn bá tún yọ pẹ̀lú bàtà rọ́bà, tí ọ̀gá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ kó gbọ̀n. N kò fọkàn tán ara mi.

Ṣùgbọ́n lónìí, nílùú Oǹdó yìí tí a gbé yín wá sin sí, bí wọ́n bá ti sọ yín kalẹ̀ sínú ibojì, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa, lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fà mí dìde. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi dúró ṣánṣán ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún, mo sì mọ̀ pé kò ní dá ọ̀kan nínú wọn padà.

Ìyá mi lẹ̀yin. Agbálẹ̀ ni yín, ẹ kì í ṣe akọ̀wé. Ẹ ò sì ṣìnà lọ́jọ́ náà. Èmi lẹ wá, mo sì wà níbẹ̀.

Sùn re o, Yèyé mi. Sùn re o.

Ọmọ yín,
Akínlolú